Ojú Tó Dé Lẹ́yìn Obì

Alhaja tó ń ta àlùbọ́sà níwájú ilé wa ní Ìsìkàn ló kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Àkúrẹ́ ju ọ̀pọ̀ ọmọ Àkúrẹ́ lọ, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe, Alhaja sì ń tú àpò àlùbọ́sà rẹ̀.

"Bàbá Akọ̀wé," ó ní, "láti ìgbà tí mo ti dé lẹ ti ń wò mí, ẹ ò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ṣé ẹ fẹ́ fi mí ṣe ìyàwó kejì ni? Ẹ tètè sọ ọ́, kí n lọ palẹ̀ ẹrù mi mọ́."

"Ilé kún," ọkọ mi dá a lóhùn. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ nígbà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

"Ilé kún kẹ̀? Ilé tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan wà! Tíṣà, ẹ gbọ́ o, ọkọ yín ń lé mi."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ ẹ̀rín náà lọ́fun rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó là sílẹ̀ gbagada, ó dúró sí ibi tí Alhaja wà, bí àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri.

Kí n tó lọ síwájú, ó yẹ kí n ṣe àlàyé kan. Lẹ́nu, "wọ́n" ni mo máa ń pe ọkọ mi, bí wọ́n ti kọ́ wa nílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, "wọ́n" ni ó sì tọ́ kí n pe àwọn náà. Bí mo bá pe tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bẹ́ẹ̀, òǹkàwé kò ní mọ ẹni tí mò ń sọ. Nítorí náà, "ó" ni ọkọ mi yóò jẹ́ níhìn-ín. Kì í ṣe àfojúdi.

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n sọ fún wa ní ọsibítù pé Pákínsìn ni, pé àìsàn inú ọpọlọ ni, kì í ranni, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà ẹni tó ní in. Wọ́n fún un lóògùn. Ọwọ́ ni à ń ṣọ́ láti ìgbà náà, àti ẹsẹ̀, kó má baà ṣubú. Kò wá sí wa lọ́kàn pé ó yẹ kí á máa ṣọ́ ojú.

Bẹ́ẹ̀, ojú ni ilé wa fi ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá mọ ohun tí mò ń wí. Àlejò kò gbọdọ̀ gbọ́ pé ẹran tó wà nínú ìkòkò kò ní kárí; ojú ni ọkọ àti ìyàwó fi ń sọ ọ́ fún ara wọn. Ní kíláàsì mi, n kì í sábà gbé pàṣán. Bí mo bá wo ọmọ tó ń pariwo, tí mo sì wo àga rẹ̀, á jókòó. Ṣùgbọ́n ọkọ mi mọ èdè yìí jù mí lọ, nítorí ẹni tó fi kọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí. Ìyá wọn kú nígbà tí ọkọ mi ṣì kéré, Àǹtí ló sì gbé e pọ̀n ní ilé bàbá wọn ní Oǹdó. Àǹtí fúnra wọn kò kàwé. Kòkó tí wọ́n ń sá ní ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n fi rán àbúrò wọn lọ sí ilé-ìwé títí ó fi di akọ̀wé, "Akọ̀wé" náà ni wọ́n sì ń pè é títí di òní. Ìyá wọn ní àmì kan tó fi ń kọ́ ọmọ. Bí ẹnikẹ́ni bá na nǹkan sí ọmọ rẹ̀ níta, á wo ọmọ náà, á fi ojú wo ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, á sì tún wo ọmọ náà padà. Kíá ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: má gbà á. Àǹtí gba àmì yìí lọ́wọ́ ìyá wọn bí ẹni gba aṣọ. Mo ti rí i tí wọ́n fi dá ọkọ mi dúró nígbà tó ti di bàbá ọlọ́mọ, tí ẹnìkan fẹ́ tún ẹmu bù sí ife rẹ̀. Ó gbé ife náà sílẹ̀ bí ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé yẹn ló wá dá nǹkan sílẹ̀. Àbúrò bàbá wọn, tí í ṣe olórí ẹbí, fẹ́ fi ibẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí. Ibẹ̀ sì ni ibojì ìyá wọn wà. Àǹtí, tí ọkọ wọn ti kú, tí wọ́n ti padà sí ilé bàbá wọn, a máa gbá ojú ibojì náà láràárọ̀ kí wọ́n tó tẹ́ kòkó sí oòrùn. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n hú òkú. Ṣùgbọ́n bí ṣọ́ọ̀bù bá yí i ká, ọ̀nà tí yóò ṣẹ́ kù kò ní ju ibi tí ènìyàn lè fẹ̀gbẹ́ gbà.

Wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Obìnrin ni Àǹtí, wọn kò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tó wo ojú olórí ẹbí tó ní, "Rárá." Ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ìyá wọn ló yẹ kó fi ohùn tútù sọ ọ́. Wọn kò tíì mọ ohun tí bàbá náà yóò fi lọ̀ wọ́n. Bóyá yóò fi àyè tó dára sílẹ̀ yí ibojì náà ká. Nítorí náà, ní àárọ̀ ìpàdé, nígbà tí a ti Àkúrẹ́ dé, wọ́n pe àbúrò wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èdè Oǹdó ni wọ́n fi sọ ọ́. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá ilé-ìwé kí gbogbo ènìyàn lè bá mi lọ.

"Máa wo ojú mi," wọ́n ní. "Bí ọ̀rọ̀ wọn bá dára, màá jókòó jẹ́ẹ́. Bí kò bá dára, ojú ìyá wa ni wàá rí. Kó o wá fi ọgbọ́n sọ pé a ò lè gbà."

"Mo ti gbọ́, Àǹtí mi."

"Má sì lọ máa wo obì o. Mo mọ̀ ẹ́. Akọ̀wé tó bá ti rí obì, kò rí ènìyàn mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín ọ̀fun rẹ̀ yẹn. Àwa ìyàwó ilé kì í jókòó sí ìpàdé ẹbí, nítorí náà mo wà ní ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú àwọn yòókù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá, lẹ́nu àwọn méjèèjì ni mo ti gbọ́ ọ.

Nílé wọn, bí olórí ẹbí bá sọ̀rọ̀ tán, wọ́n á gbé obì kiri. Kálukú á mú. Ẹni tó bá ní àtakò á fi obì tirẹ̀ sọ́wọ́, á kọ́kọ́ sọ tẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá ti jẹ obì ti fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí àtúnsọ. Bàbá náà sọ̀rọ̀ tán, kò sì dárúkọ àyè kankan. Wọ́n gbé àwo obì dé iwájú ọkọ mi, lórí àpótí kékeré kan. Ó tẹ̀ ba, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, awẹ́ obì ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni Àǹtí wò ó, tí wọ́n wo ilẹ̀, tí wọ́n tún wò ó padà.

Ó gbé ojú sókè. Ó wo Àǹtí. Ó fi obì sẹ́nu.

"Bàbá," ó ní, "mo fara mọ́ ọn."

Mo rí Àǹtí nígbà tí wọ́n jáde. Wọ́n kọjá lára mi ní ọ̀nà ilé ìdáná, mo kúnlẹ̀, wọn kò dá mi lóhùn. A kì í kúrò ní ilé yẹn láìjẹ́ pé wọ́n di ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí orógbó fún wa. Lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ lásán la fi padà sí Àkúrẹ́, wọn kò sì jáde wá sìn wá dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n gbà láti bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohùn wọn dúró gírí.

"Ìyàwó, mo fi ojú ìyá wa wò ó. Ó sì wò mí padà. Ó wò mí lójú kòrókòró, ó jẹ obì. Ọmọ tí mo gbé pọ̀n."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Bóyá wọn ò rí i."

"Ṣé ó fọ́jú ni? Ojú rẹ̀ wà lára mi gbagada bí ojú ẹja! Kò tiẹ̀ tijú débi tí á ṣẹ́jú."

Wọ́n pa fóònù. Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ mi bá pè wọ́n, wọn kì í gbé e.

Mo bi òun náà. Mo ti parí ìjà àwọn ọmọdé títí, mo mọ bí a ṣe ń gbọ́ tẹnu ẹnìkan ká tó gbọ́ ti ẹnìkejì. "Dádì, ṣé Àǹtí fi ojú ìyá yín wò yín lọ́jọ́ náà?"

"Wọn ò ṣe nǹkan kan, Tíṣà. Mo wò wọ́n dáadáa kí n tó jẹ obì náà. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Kí wá ni wọ́n ń bínú sí?"

Mo mọ àwọn méjèèjì. Kò sí òpùrọ́ nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn kò lè jọ jẹ́ òótọ́, tàbí kí ó jẹ́ pé òye tèmi ni kò tó o. Ilé wa dákẹ́ ní ọdún Kérésì yẹn. Kò sí ẹni tó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ránṣẹ́ láti Oǹdó, a sì gbọ́ lẹ́nu ará ibẹ̀ kan pé wọ́n ti da yanrìn sí ẹ̀yìnkùlé.

Ní àkókò kan náà, àwọn nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀, mi ò sì so wọ́n pọ̀. Ọkọ mi a máa ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó ka ẹsẹ kan tán, ó tún un kà, ó wá fo èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn ènìyàn ń wo ara wọn. A ra jígí ojú tuntun, kò yí nǹkan kan padà. Mo wá ń fi rúlà sábẹ́ ìlà fún un nílé, bí mo ti máa ń ṣe fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà. Nígbà mìíràn, á da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. "Ife méjì ni mo rí," á ní, á fi ọwọ́ bo ojú kan, ife á padà di ọ̀kan. Nígbà tó ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, tó fi orúnkún gbolẹ̀, mo mú un padà lọ sí ọsibítù.

Dókítà tí a bá lọ́jọ́ náà jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, ọmọ Ọ̀wọ̀. Kò kánjú. Ó mú bírò sókè ní ọwọ́ kan, ó na àtàǹpàkò ọwọ́ kejì.

"Bàbá, ẹ wo bírò mi. Ó dáa. Ẹ wo àtàǹpàkò mi. Ẹ má yí orí o, ojú nìkan."

Ẹ̀yìn dókítà ni mo dúró sí, mo sì ń wo ojú ọkọ mi tààrà. Bí ẹni pé n kò rí i rí ni. Ojú náà dúró sórí bírò, bí ẹni tí kò gbọ́. Ó wá gbéra. Ó dúró lágbedeméjì ọ̀nà. Ó tún gbéra, ó tún dúró, bí arúgbó tó ń gun òkè tó ń sinmi, kí ó tó dé orí àtàǹpàkò. Dókítà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Ojú wọn ò fọ́, Mà," ó sọ fún mi. "Ọpọlọ ló ń rán ojú níṣẹ́. Nínú àìsàn yìí, iṣẹ́ náà lè pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ojú, ojú kì í sì í lè fò dé ibi tí a rán an lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú méjèèjì kì í sì í pàdé dáadáa lórí ohun tó bá wà nítòsí, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń rí ife méjì. Wọn ò ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ mọ́, iṣan ojú wọn sì ti le. Àwọn ènìyàn á máa rò pé wọ́n ń bínú."

"Dókítà, ṣé wọ́n lè gbójú sókè wo ènìyàn, kí wọ́n má rí àmì tí ẹni náà ṣe?"

"Tó bá jẹ́ àmì kíákíá, tó sì jẹ́ pé nǹkan mìíràn ni wọ́n ń wò tẹ́lẹ̀, ojú wọn lè dé ibẹ̀ lẹ́yìn tí àmì ti kọjá."

Dókítà tún oògùn rẹ̀ tò, ó kọ oògùn ojú gbígbẹ fún un, ó sì ní ká lọ rí dókítà ojú fún irú jígí kan tó lè so ife méjì di ọ̀kan. Ó ní kó máa kọ́kọ́ yí orí kó tó wo nǹkan. Kò tàn wá jẹ. Ó ní ìrọ̀rùn lè wà, ṣùgbọ́n kí á má retí pé ojú náà yóò padà sí bó ti wà.

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìsìkàn nínú takisí nígbà tí ọkọ mi yí orí sí mi.

"Àǹtí mi ṣe é nígbà náà," ó ní.

"A ò tíì mọ̀."

"Wọ́n ṣe é, Tíṣà. Mo sì jẹ obì lé ìyá mi lórí."

Mo wo ojú rẹ̀. Omi ń jáde níbẹ̀, ó ń ṣàn, ojú kò sì pa dé.

Kò jẹun dáadáa ní ọ̀sẹ̀ yẹn. "Màá bi wọ́n," ló ń sọ. "Ẹnu wọn ni mo fẹ́ gbọ́ ọ." Mo mọ̀ pé bí Àǹtí bá sọ ọ́ fún un bí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi, yóò gbé e dé sàréè. Ṣùgbọ́n n kò lè ní kó má lọ. A kọjá afárá Ọ̀wẹnà lọ sí Oǹdó láàárọ̀ ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀ wìnnìwìnnì, ó gbé ọwọ́ tó ń gbọ̀n sábẹ́ ìtan rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ní kó jókòó jẹ́ẹ́.

Kí a tó wọlé la ti rí i. Ògiri ṣọ́ọ̀bù ti ga kọjá fèrèsé. Àǹtí ti kó kòkó wọn wá sí iwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Wọ́n fi ọ̀rá bò ó nítorí òjò. Wọ́n jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn kò wo àbúrò wọn.

Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ gbogbo ohun tí dókítà wí. Wọ́n gbọ́ mi títí dé òpin.

"Ìyàwó," wọ́n ní, "tíṣà ni ẹ́. Kò sí ohun tó ò lè rí àlàyé ṣe lé lórí."

"Ẹ má gba tèmi gbọ́, Àǹtí. Ẹ dán wọn wò fúnra yín."

Wọ́n wá wọlé, wọ́n gbé obì jáde nínú àwo, wọ́n gbé e kalẹ̀ lórí àpótí níwájú rẹ̀.

"Akọ̀wé. Mú obì."

Ó tẹ̀ ba. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá obì nínú àwo. Àǹtí wò ó, wọ́n wo ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n tún wò ó padà. Èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rí i kedere. Ojú ọkọ mi ṣì wà nínú àwo. Ó kúrò níbẹ̀, ó dúró ní orúnkún Àǹtí, ó dúró ní ìdí ìró wọn, ó wá dé ojú wọn. Ó dúró síbẹ̀ gbagada. Kò sí ohun tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ fún un láti rí.

Wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì rọra ṣe é, bí ẹni ń kọ́ ọmọ. Wọ́n wá dìde, wọ́n fà mọ́ ọn, wọ́n tẹ̀ ba síwájú rẹ̀ débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀, wọ́n ń wo bí ojú náà ti ń gbìyànjú. Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Àǹtí mi," ọkọ mi ní. Ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. "Lọ́jọ́ ìpàdé. Ṣé ẹ ṣe é?"

Òjò ń kán láti orí páànù. Àǹtí wò mí. Wọ́n fi ojú wo ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n tún wò mí padà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n fi ojú ìyá wọn wò mí.

"Mi ò ṣe é," wọ́n ní. "Orí ń fọ́ mi lọ́jọ́ náà, mo gbàgbé. Ìwọ kọ́. Èmi ni."

Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń tọ́ àṣìṣe sọ́nà. N kò lè gbọ́ kí ẹnìkan ka òǹkà ní àṣìkà kí n má là á yé e. Mo pa ẹnu mi dé.

Àǹtí fi etí ìró wọn nu omi tó wà lójú rẹ̀. Bóyá ó gbà wọ́n gbọ́, bóyá kò gbà wọ́n gbọ́, n kò mọ̀. Ojú tí mo ti ń kà láti ìgbà èwe wa kò ṣeé kà fún mi mọ́.

Ó ní òun fẹ́ kí ìyá òun. A mú un lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ọ̀nà tó wà láàárín ògiri ilé àti ògiri ṣọ́ọ̀bù kò gba ju ẹnìkan lọ, ẹni náà yóò sì fẹ̀gbẹ́ rìn. Ní ẹnu ọ̀nà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe sí i ní ibi tóóró. Mo ní kó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo ka "ọ̀kan, èjì" fún un. Ẹsẹ̀ náà ń gbọ̀n nínú bàtà, kò gbéra.

"Dúró síbẹ̀, Akọ̀wé," Àǹtí ní. "Màá bá ẹ kí i."

Wọ́n mú ìgbálẹ̀, wọ́n fẹ̀gbẹ́ wọlé. Mo di apá ọkọ mi mú ní ẹnu ọ̀nà. Àǹtí ń gbá ewé tútù kúrò lójú ibojì, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, láti ọ̀tún sí òsì, ojú ọkọ mi sì ń tẹ̀ lé ìgbálẹ̀ náà, ó ń dúró, ó ń gbéra, ó ń dé ibi tí ìgbálẹ̀ ti kúrò.